Tòlótòló Kérésì Tí Màmá Ò Lè Fẹnu Kàn

Ojúlé Kẹtàlá,
Àdúgbò Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó,
Ìsàlẹ̀ Èkó,
Èkó.
Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kejìlá, Ọdún 2025.

Ọláyẹmí, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Báwo ni gbogbo nǹkan? Ṣé ara le? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o máa sùn díẹ̀díẹ̀ báyìí? Màmá yín tí ẹsẹ̀ ń dùn, ṣé ẹsẹ̀ náà ti ń fúyẹ́? Mo kí wọn púpọ̀púpọ̀. Ẹ kú ọdún o, ẹ kú ìyèdún. Ọdún á yabo fún gbogbo wa, ẹ̀mí wa á sì ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ní tiwa níbí, kò séwu lóko àfi gìrì àparò. Ara àwọn ọmọ le, ara bàbá wọn le, èmi gan-an ti sanra díẹ̀, má bi mí ìdí rẹ̀, wàá kà á níwájú.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí n kò kàn sọ ohùn sórí Wásáàpù. Ìwọ náà lo ní ohùn mi máa ń gùn ju ìwàásù àìsùn lọ, pé o máa ń sùn lọ kí n tó dé orí ọ̀rọ̀. Ó dáa, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Gbé àwọn ìbejì fún bàbá wọn, bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o sì jókòó dáadáa.

O rántí pé mo pè ọ́ lóṣù tó kọjá, pé ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pé kí a kó àwọn ọmọ wá ṣe Kérésì lọ́dọ̀ àwọn. Kérésì o, kì í ṣe Iléyá! Iléyá, a kì í pa á jẹ. Láti ọjọ́ tí Mọ̀núrù ti gbé mi níyàwó, ọdọọdún la máa ń ti Abẹ́òkúta wá bá wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n Kérésì, ọ̀rọ̀ kóówá nílé ẹ̀ ni. Ìwọ ṣáà mọ irú ilé tí mo wọ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n láti ìgbà ìwáṣẹ̀, èmi sì nìyí, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ẹgbẹ́ akọrin.

O tún mọ ohun tó wà láàárín èmi àti Màmá. Kò sí ìjà o. Wọn ò bú mi rí, wọn ò sì fojú burúkú wò mí rí. Ohun kan ṣoṣo ni: láti ọdún mẹ́jọ tí mo ti di ìyàwó ilé wọn, Màmá kò jẹ oúnjẹ mi rí. Bí mo bá sè é, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbàdúrà fún mi títí, wọ́n á wá ní àwọn ń gbààwẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń gba ààwẹ̀ àfínnúfíndọ̀ tiwọn. Èmi náà á gbọ́n, màá dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n á ní ààwẹ̀ tí àwọn jẹ sílẹ̀ nígbà tí ara àwọn ò yá ni àwọn ń san! Mo kó oúnjẹ sínú kúlà láti Abẹ́òkúta nígbà kan, mo wá gbọ́ pé àwọn ayálégbé ni wọ́n pín in fún. Wọ́n ní abọ́ tánganran funfun kan tó ní ọmọrí, tí òdòdó pupa wà lára rẹ̀. Inú abọ́ yẹn nìkan ni wọ́n ti ń jẹun, ọwọ́ ara wọn nìkan ló sì ń bu oúnjẹ sínú ẹ̀. Pẹ̀lú bí wọ́n ṣe dàgbà tó, wọ́n ṣì ń dáná fún ara wọn. Mo máa ń wo abọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ síta.

Nítorí náà, nígbà tí ìpè Kérésì dé, àyà mi já. Mo ní àbí wọ́n fẹ́ fọgbọ́n gba Kérésì lọ́wọ́ àwọn ọmọ mi ni? Bàbá Haleem, ọkọ mi, ní kí n fọkàn balẹ̀. Àwọn ọkùnrin! Obìnrin méjì á máa wo ara wọn bí olóńgbò àti eku, wọ́n á ní kí ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ṣáà di ẹrù. Mo sì sọ fún ara mi pé lọ́dún yìí, Màmá á jẹ oúnjẹ mi, ì báà ṣe òkèlè kan.

A bọ́ sílẹ̀ ní Obalende lọ́jọ́ Ajé. Jóṣúà àbúrò mi, tó ń ṣe káfíńtà níbẹ̀, ló wá pàdé wa tó bá wa gbé ẹrù. A dé ẹnu ọ̀nà Màmá. Ọláyẹmí, kí ni mo rí? Iná Kérésì! Iná wẹ́wẹ́ aláwọ̀ mèremère, tó ń ṣẹ́jú pàkàpàkà, ni wọ́n ta yí fèrèsé pálọ̀ ká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Mẹ́kà. Khairiyyah figbe bọnu, ó já ọwọ́ mi jù sílẹ̀, ó sì sáré lọ dì mọ́ ìyá bàbá ẹ̀ lẹ́sẹ̀. Màmá kí mi káàbọ̀, wọ́n bi mí léèrè ọ̀nà, wọ́n wá ní, "Ìyá Haleem, ṣé iná yẹn tó? Ẹni tó tà á fún mi ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é."  Mo ní ó tó, Màmá, ó tiẹ̀ ti ju tilé wa lọ.

Kò tán síbẹ̀ o. Wọ́n ti lọ bá Ìyá Adéọlá, aránṣọ ará Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní òdìkejì, pé kí ni ọmọ onígbàgbọ́ máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Kérésì. Ìyá Adéọlá rán ṣẹ́ẹ̀tì fún Haleem, ó fi táì alábebe lé e. Ó rán gáùn tí apá rẹ̀ wú bí búrẹ́dì fún Khairiyyah. Màmá fúnra wọn ra fìlà, wọ́n tún ra awò ojú oníke, nítorí wọ́n ní àwọn ti ń rí i láti kékeré pé ọmọ tí ò bá lo awò ojú dúdú lọ́jọ́ Kérésì, a jẹ́ pé kò ṣọdún. Khairiyyah lo tiẹ̀ sùn. Ní ẹ̀yìnkùlé, tòlótòló kan wà nínú àgò, ó sanra, ó ń fẹ̀ bí ìjòyè. Màmá ní àwọn ti ń sìn ín láti ẹ̀yìn Iléyá nítorí àwọn ọmọ. Ìyá arúgbó tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ tòlótòló nítorí ọdún tí kì í ṣe tiẹ̀! Mo wọ inú yàrá, mo jókòó sórí ibùsùn, mo kàn ń wo ògiri ni.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní Bàbá Kérésì ti dé sí pápá ilé ìwé kan ní Lafiaji. Mo ní èmi á mú àwọn ọmọ lọ. Màmá ní rárá, àwọn ló máa mú wọn lọ. Ká má fi ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo wa la lọ. Ìlà gùn, oòrùn mú. Gbogbo ìyá àwọn ọmọ ń kùn, Màmá nìkan ni kò kùn. Wọ́n wọ híjáàbù wọn gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn lọ́wọ́. Bí ìlà bá sún, wọ́n á dìde, wọ́n á gbé àpótí síwájú, wọ́n á tún jókòó. Ẹnì kan bi wọ́n pé Alhája, kí lẹ wá ń ṣe níbí? Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ mi ń ṣọdún."

Ó kàn wá. Bàbá Kérésì jókòó pẹ̀lú irùngbọ̀n òwú àti aṣọ pupa, òógùn sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé irùngbọ̀n lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òyìnbó bi Khairiyyah léèrè orúkọ ẹ̀, òyìnbó kan tí ń gba imú jáde báyìí. Ọmọ sá sẹ́yìn mi. Màmá bá dáhùn pé, "Ìwọ Bàbá Kérésì, ṣé o ò gbédè ni? Ọmọ Èkó lo ń bá sọ̀rọ̀." Bàbá Kérésì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló tú u fó. Màmá na ọrùn, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Kàmọ́rù! Àbí ìwọ kọ́ nìyẹn? Ìwọ tó o pèrun ní mọ́sáláṣí wa láàárọ̀ yìí?"

Gbogbo ìlà yíjú sí wa. Haleem tó jẹ́ ọmọ ọdún méje wo Bàbá Kérésì, ó wo ìyá bàbá ẹ̀. Kàmọ́rù fi ojú bẹ̀bẹ̀, ó rọra ní, "Alhája, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí." Ọláyẹmí, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí irú ènìyàn tí ìyá yìí jẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú, wọ́n sọ ọ́ sókè kí gbogbo ọmọdé lè gbọ́ pé, "Háà, àgbà ti dé! Ojú mi ò ríran mọ́. Mo ṣe bí Kàmọ́rù ni. Bàbá Kérésì gan-an ni o, ẹ wá kí i." Khairiyyah jáde lẹ́yìn mi, ó lọ jókòó lé Kàmọ́rù lẹ́sẹ̀, ó ní òun fẹ́ ọmọláńgidi tó ní bàtà. A rẹ́rìn-ín délé. Ní ọ̀nà, Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, wọ́n ní, "Kàmọ́rù, tí kò lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ nílé kéwú!"

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Màmá sọ ìtàn kan fún mi bí a ṣe ń gé àlùbọ́sà. Wọ́n ní láti ìgbà tí Ìyá Adéọlá ti kó dé àdúgbò, kò sí Kérésì kan tí ọ̀bẹ rẹ̀ kan adìyẹ kó tó ránṣẹ́ sílé àwọn. Bàbá Mọ̀núrù ló máa ń bá a dúńbú ẹ̀ nígbà ayé wọn, pẹ̀lú Bísímílà, kí ilé àwọn náà lè jẹ nínú ẹ̀ bó bá gbé oúnjẹ wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n ní kò sí nǹkan tó burú nínú ẹran tí onígbàgbọ́ pa. Ṣùgbọ́n nílé Màmá, bí ọwọ́ mùsùlùmí kò bá pa á, wọn kì í jẹ ẹ́. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn, mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ mi. A ti sọ ọ́ pé bí Mọ̀núrù bá ti ń kí asùbáà bọ̀, òun ló máa dúńbú tòlótòló.

Ọjọ́ Kérésì mọ́. Ọjọ́bọ̀ ni, o sì mọ ohun tí Ọjọ́bọ̀ jẹ́ fún Màmá. Mo ti gba kámú pé bí mo tilẹ̀ se oúnjẹ ọ̀run, ààwẹ̀ ni wọ́n máa wí. Mo jáde sí pálọ̀, mo bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń mu tíì! Mo yanu. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí lo ń wò? Ta ló ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún? Lọ dáná, mo fẹ́ jẹ tòlótòló mi."

Ọ̀rẹ́ mi, mo fò! Mo fò wọ ilé ìdáná. Ọdún mẹ́jọ! Mo da ata sórí iná, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ṣùgbọ́n Mọ̀núrù kò tètè dé, ìsọmọlórúkọ kan ló dá wọn dúró ní mọ́sáláṣí. Ìsìn wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ń sún mọ́, ata ti ń gbẹ, tòlótòló ṣì ń rìn kiri nínú àgò. Jóṣúà dé láti Obalende nínú kóòtù, pé kí a máa lọ. Ìkánjú wọ̀ mí lára. Mo ní Jóṣúà, bọ́ kóòtù yẹn, bá mi pa nǹkan yìí kíákíá. Èmi ni mo di apá tòlótòló mú fúnra mi. Ó fi ọ̀bẹ sí i. Ó tán.

Haleem ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, pẹ̀lú táì alábebe rẹ̀ àti awò ojú dúdú. Ó bọ́ awò ojú náà. Ó ní, "Mummy, ṣé Bọ̀dá Jóṣúà ṣe Bísímílà?"

Yéè! Ọláyẹmí! Mo wo Jóṣúà, Jóṣúà wo mí. Bísímílà kẹ̀? Jóṣúà tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin! Ìyẹ́ tòlótòló ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo kàn ń wí pé mo gbé, mo gbé, mo gbé. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí Màmá jáwọ́ nínú ààwẹ̀ kí wọ́n lè jẹ oúnjẹ mi, ọjọ́ náà ni mo pa ohun tí wọn kò lè fẹnu kàn. Tòlótòló tí wọ́n fọwọ́ ara wọn bọ́! Wọ́n á ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohun tí ọwọ́ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ yẹn, mo fi ọwọ́ ara mi sọ ọ́ nù.

Jóṣúà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ dákẹ́ ẹnu yín. Ta ló rí wa? Ẹ jẹ́ ká fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́ kíákíá, ká dà á sọ́bẹ̀. Bí wọ́n bá bi wá, a ní Bọ̀dá Mọ̀núrù ló pa á kí wọ́n tó tún jáde." Má bínú sí i, nítorí mi ló ṣe fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí n sì tún sọ òótọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo dúró níbẹ̀, mo rò ó. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Haleem, ó ń wò mí lójú kòró. Mo tún ro ti Màmá tí wọ́n gbé àpótí lé ọwọ́ nínú oòrùn Lafiaji, tí wọ́n bo Kàmọ́rù láṣìírí nítorí ọmọ mi. Irú ènìyàn yẹn ni kí n wá fi ohun tí wọn kì í jẹ bọ́ lẹ́nu? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa gbààwẹ̀ lọ títí ayé.

Mo fọ ọwọ́ mi, mo wọlé lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, "Màmá, mo ti ba ọdún jẹ́. Jóṣúà ló pa tòlótòló. Èmi ni mo ní kó pa á. Ìkánjú ló gbà mí lọ́kàn, mi ò rántí. Ẹ má jẹ ẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

 Wọ́n gbé ife tíì sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló mọ̀?" Mo ní èmi, Jóṣúà, àti Haleem. Wọ́n ní, "Mọ̀núrù ò mọ̀?" Mo ní kò tí ì dé. Wọ́n ní, "O lè dákẹ́ kí o sè é fún mi." Mo ní, "Màmá, mi ò lè fún yín ní ohun tí ẹ kì í jẹ."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Ohun tí wọ́n wá sọ, mi ò ní gbàgbé ẹ̀ láyé mi. Wọ́n ní, "Ìbídùn." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa pe orúkọ mi, Ìyá Haleem ni wọ́n máa ń pè mí láti ọjọ́ tí mo ti bímọ. "Ìbídùn, ọdún mẹ́jọ ni mo fi ń ṣọ́ ẹnu mi lọ́dọ̀ ẹ. Mo ní ọmọ onígbàgbọ́ ni, kò ní mọ ohun tó ká wa lára, nǹkan kan ló máa fún mi jẹ lọ́jọ́ kan tí mi ò ní mọ̀. Lónìí, ọ̀nà là fún ẹ láti ṣe é, o ò ṣe é. O wá kúnlẹ̀ sọ fún mi. Kí ni mo tún ń ṣọ́?"

Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé omi ẹkún kì í se ọbẹ̀. Wọ́n bi mí pé bí mo bá wà ní Iléṣà lọ́dọ̀ ìyá mi lónìí, kí ni wọ́n máa sè? Mo ní, "Iyán ni, Màmá. Iyán ni Kérésì tiwa." Wọ́n ní, "Kí la wá ń wá? Ta ló ń dúńbú iṣu? Ta ló ń dúńbú ẹja? A wà létí ọ̀sà, ẹ ń sunkún nítorí tòlótòló!" Bí Mọ̀núrù ti ń wọlé bọ̀, wọn ò jẹ́ kó jókòó, wọ́n rán an lọ sí etí omi pé kó ra ẹja kúta tútù wá, kó sì ra iṣu bọ̀. Wọ́n ní kí Jóṣúà gbé tòlótòló fún Ìyá Adéọlá, pé tiẹ̀ ni lọ́dún yìí. Jóṣúà fẹ́ yọ́ lọ, wọ́n pè é padà. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o mọ ọ̀bẹ lò, ìwọ lo máa gún iyán. Fi kóòtù ẹ sílẹ̀ níbí, kí o má baà sá lọ!" Ṣẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀ lọ sí ìsìn Kérésì nínú ẹgbẹ́ akọrin, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín.

Nígbà tí a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá ti fọ odó kan tó ti wà lẹ́yìnkùlé láti ìgbà láéláé, adìyẹ ló ń sùn sínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹja ti wà nínú agbada, ó tutù, ó tóbi. Mo se ẹ̀gúsí bí ìyá mi ṣe ń sè é gan-an, n kò fi ti Èkó kún un. Jóṣúà gún iyán, òógùn bò ó. Ìró ọmọ odó gba gbogbo àdúgbò, àwọn ènìyàn ń yọjú lójú fèrèsé pé ta ló ń gúnyán ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́sàn-án gangan? Màmá ń dá wọn lóhùn pé, "Ìyàwó Mọ̀núrù ni. Ará Iléṣà ni."

Nígbà tí a máa jẹun, Khairiyyah di ojú, ó gbàdúrà lórúkọ Jésù pé kí Ọlọ́run bù kún oúnjẹ, kó sì fún Bàbá Kérésì ní irùngbọ̀n tuntun. Haleem ní Bísímílà. Màmá ṣe àmín sí méjèèjì. Wọ́n bá àwọn ọmọ jẹ nínú àwo kan náà. Mo ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ki òkèlè bọ ọbẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní Ìjẹ̀ṣà mọ nǹkan ẹ̀. Bí mo ṣe bi Màmá pé kí ló tiẹ̀ mú kí wọ́n pè wá ṣe Kérésì, wọ́n ní Haleem ni. Ó sọ fún wọn lórí fóònù pé bó bá di Iléyá, gbogbo àwọn ló máa ń bá Dádì lọ sílé Dádì, ṣùgbọ́n bó bá di Kérésì, kò sí ẹni tó máa ń bá Mummy ṣe é, Mummy á kàn dá orin kọ nílé ìdáná. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí àwọn sùn. Èmi ò mọ̀ pé ọmọ yẹn ń gbọ́ orin mi.

Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀ mí, ọkàn mi kì í tètè gba rere gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá nítorí ọdún ni, bóyá nítorí ojú àwọn ọmọ ni. Wọn ò ṣáà jẹ nínú abọ́ wọn. Abọ́ tánganran yẹn wà níbi tó máa ń wà, lórí pẹpẹ, pẹ̀lú ọmọrí lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì, kò sí ọdún mọ́. Wọ́n ti kí Jímọ̀ dé. Ẹ̀wà lásán ni mo sè, mo sì ń dín dòdò fún àwọn ọmọ. Mo gbọ́ nǹkan tó ń dún kélékélé lẹ́yìn mi. Mo yíjú. Khairiyyah ló ń bọ̀, ó rọra ń rìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ funfun olódòdó pupa náà mọ́ra, ọmọrí ń mì lórí ẹ̀. Ó ní, "Mummy, Màmá àgbà ní kí ẹ bu tiwọn sí i. Wọ́n ní kí ẹ má bù ú kéré o."

Mo gba abọ́ náà. N kò tíì fọwọ́ kàn án rí. Mo bu ẹ̀wà sí i, mo to dòdò lé e lórí, mo dé e, mo sì ní kí ọmọ rọra gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, dòdò yòókù jóná mọ́ inú epo, mi ò bìkítà.

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu, kí o sì kí Màmá yín pé mo ń bọ̀ wá wò wọ́n bí ọdún tuntun bá ti wọlé. Mọ̀núrù ń kí ẹ, Jóṣúà náà ń kí ẹ, apá ṣì ń ro ó. Ó ku ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dúró níbí. Màmá ti ránṣẹ́ wá lẹ́ẹ̀mejì pé kí ni mo ń kọ tí kò tán, pé abọ́ àwọn ti wà ní ilé ìdáná láti ìgbà tí ọ̀sán ti pọ́n.

Èmi tìẹ náà ni, tí ebi ìyá ọkọ rẹ̀ ń dúró dè,

Ìbídùn